Àgbọ̀nrín Tí Mo Ní Kí Wọ́n Sun

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe èébú. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń lò bí a bá ń sọ̀rọ̀ iṣu tàbí àgbàdo tàbí ẹran ni. Èmi ni mo sọ ọ́, lórí fóònù, nígbà tí mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ ní Ore tí mò ń wá ọkọ̀ Àkúrẹ́, mo sì pa fóònù kí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ tó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ mí á sọ fún yín pé ara mi máa ń gbóná, pé n kì í dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti fi ìwà yẹn ṣe fáàrí rí. Mo máa ń sọ pé iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ mi, n ò ráyè ìsọkúsọ. Ẹ gbọ́ ohun tí fáàrí yẹn dá sílẹ̀.

Dókítà ẹran ni mí. Òkè Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ ló gbé mi dé Ore. Kí n tó dé, mo rò pé màlúù, ewúrẹ́ àti adìẹ ni n ó máa bá yí. Mo débẹ̀ tán ni mo rí i pé ẹran ìgbẹ́ ni ẹran lójú wọn. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Benin kọjá rí mọ ohun tí mò ń wí: àwọn obìnrin tó máa ń gbé ọ̀yà yíyan àti ẹtu àti òkété sókè ní ẹ̀bá títì, tí wọ́n á máa sáré tẹ̀lé ọkọ̀ tó bá fẹ́ dúró, tí èéfín á sì máa rú lórí àwọn ààrò tó wà lẹ́yìn wọn. Ìwé iṣẹ́ tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ sọ pé kí n máa yẹ ẹran wò kí wọ́n tó tà á. Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ rín mi.

Obìnrin tó rẹ́rìn-ín jù níbẹ̀ ló wá di ìyá fún mi. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ sì máa ń ròkè ju ti àwọn tó kù lọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ìdí àtẹ rẹ̀ tèmi ti ìbọ̀wọ́ funfun, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ ọmọbìnrin tí ò ń gún màlúù lábẹ́rẹ́ ní ìdí lo fẹ́ wá kọ́ mi ní ẹran? Ẹran tí mo ti ń tà kí wọ́n tó bí ẹ!" Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi gan-an. Mo ní, "Ìyá, eṣinṣin náà ti ń bá yín tà á látìgbà yẹn." Ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Yéè! Èyí lẹ́nu o! Ẹ fún un ní àga." Láti ọjọ́ yẹn ló ti sọ mí ní Dókítà Màlúù.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nípa obìnrin yìí. Gbogbo èèyàn ní Ore ló ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ nítorí iṣẹ́ mi, títí kan àwọn tó ju bàbá mi lọ. Òun àti ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń pè mí ní "o." Ó ní ọmọ tí òun bí gbẹ̀yìn jù mí lọ, kí ló dé tí òun á fi sọ ẹnì kan di púpọ̀ nítorí abẹ́rẹ́ màlúù. Ìyá tó bí mi ti kú kí n tó jáde yunifásítì. Bí obìnrin yìí bá yọjú sí mi lọ́sàn-án tó ní, "O ò tíì jẹun, àbí?" omi máa ń fẹ́ bọ́ lójú mi, mo sì máa ń díbọ́n pé èéfín ni. Èdè Ìkálẹ̀ ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń sọ láàárín ara wọn. Bí wọ́n bá kọjú sí mi, wọ́n á yí i sí Yorùbá tèmi, wọ́n á sì máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé mo ń sọ̀rọ̀ bíi rédíò.

Ọkọ rẹ̀ kì í gbé Ore. Oko kòkó wọn wà lẹ́yìn abúlé Ajue, ibẹ̀ ló ń sùn, òun àti àwọn àgbàṣe méjì tí wọ́n wá láti ìlú òkèèrè. Ó ń dẹ tàkúté sí ẹ̀gbẹ́ oko, ohun tó bá mú ló ń fi rán ọlọ́kadà sí ìyàwó rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó sì fẹ́ràn kó máa béèrè ọ̀rọ̀. Bó bá wá sí Ore lọ́jọ́ ìsinmi, á ní kí n ṣàlàyé ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́, ìdí tí ajá fi ń ya dìgbòlugi, ìdí tí adìẹ fi ń kú lákùúkútán bí ọyẹ́ bá dé. Ohun tí mo bá sì sọ fún un, á ṣe é. Kò sí ẹni tó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ tó bàbá yìí ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, mo fi Ọlọ́run búra.

Mo kó àwọn obìnrin ẹlẹ́ran jọ lọ́jọ́ kan láti kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Bàbá yìí náà wà ní Ore lọ́jọ́ yẹn, ó bá wọn jókòó, iwájú pátápátá ló jókòó sí. Mo sọ fún wọn pé àwọn kòkòrò àrùn kan wà tí ojú lásán ò lè rí, pé wọ́n lè ti ara màlúù bọ́ sára ẹran ìgbẹ́, wọ́n sì lè ti ara ẹran ìgbẹ́ padà sára màlúù, nítorí kò sí ògiri láàárín igbó àti gáà àwọn darandaran. Koríko kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ, odò kan náà ni wọ́n jọ ń mu. Àwọn obìnrin náà ní kí wá ni kí àwọn ṣe, ṣé kí àwọn kógbá sílé ni? Mo ní rárá. Mo ní iná ló ń pa kòkòrò. "Ẹ sè é kó jinná. Bí ẹ bá fẹ́ sun ún, ẹ sun ún dé eegun. Iná ò ní í fi ìkankan sílẹ̀." Bàbá náà na ọwọ́ sókè, ó ní kí n tún un sọ kí òun lè rántí. Mo tún un sọ. Ó wí i tẹ̀lé mi ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: iná ló ń pa kòkòrò, ẹ sun ún dé eegun.

Nígbà tó fi máa di ìparí ọ̀gbẹlẹ̀, darandaran kan pè mí pé màlúù òun kan ṣàdédé ṣubú lulẹ̀ ó sì kú, létí odò kékeré kan lẹ́yìn Ajue. Mo gun ọ̀kadà lọ. N ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tí àyà mi fi já. Màlúù náà ti wú débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gan-an sókè, ẹ̀jẹ̀ dúdú ń jáde ní imú àti ní ìdí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà ò sì dì. Mo mọ ẹ̀jẹ̀ tí kì í dì yẹn nínú ìwé, n ò tíì fojú ara mi rí i rí. Áńtíráàsì lorúkọ tí wọ́n ń pe àrùn náà. Bí ẹran bá ti ibẹ̀ kú, kòkòrò rẹ̀ á bá ẹ̀jẹ̀ wọlẹ̀, á sì wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìkú. Ẹran tó bá jẹ koríko orí ilẹ̀ náà á gbé e mì, ẹran ilé ni o, ẹran ìgbẹ́ ni o. Èèyàn tó bá sì fọwọ́ kan irú òkú ẹran bẹ́ẹ̀ tàbí tó jẹ ẹ́, ó ti kó o nìyẹn.

Darandaran náà ò bá mi jiyàn. Kò dú màlúù náà, kò bó awọ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò tó jìn. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ọ̀pẹ ló kún ilẹ̀ náà, oòrùn sì mú. Nígbà tí kòtò náà mu wọ́n dé itan, mo wo aago mi. Mo níbi tí mo fẹ́ lọ. Mo ní, "Ó tó." Kò tó. Mo mọ̀ pé kò tó. Kẹ́míkà tó yẹ ká dà lé e lórí ò sì sí lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì, mo fún àwọn màlúù tó kù lábẹ́rẹ́, kò sì sí èyí tó kú mọ́, ni inú mi bá ń dùn sí ara mi. N ò sọ ohunkóhun fún àwọn àgbẹ̀ Ajue. Aáwọ̀ ti wà láàárín wọn àti àwọn darandaran nítorí ẹ̀gẹ́ tí màlúù ń jẹ, mo sì rò pé bí wọ́n bá gbọ́ pé àrùn wà, wọ́n á lọ lé wọn ní gáà. Mo ní kí ilẹ̀ rọ̀ ná, n ó wá sọ ọ́. Ilẹ̀ rọ̀, n ò sọ ọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ wá rọ̀. Àgbàrá wọ́ yẹ̀pẹ̀ orí kòtò náà lọ, koríko tútù sì hù níbẹ̀ kó tó hù níbòmíràn. Àgbọ̀nrín kan tó wá mumi lódò jẹ nínú koríko yẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, kò sí àdììtú kankan nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé kan ni fóònù náà wọlé, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Wọ́n ti pè mí sí ìpàdé ní Àkúrẹ́, mo sì ti pẹ́. Mo wà ní ẹ̀bá títì, àwọn ọmọ ọkọ̀ ń pariwo Àkúrẹ́, Benin, Èkó, ọlọ́kadà kan ń fun fèrè lé mi létí. Mo rí i pé bàbá oko ni, mo gbé e.

Ó ní, "Ọmọ mi, mo rí àgbọ̀nrín kan létí odò. Kì í ṣe tàkúté mi ló mú un o, ó kàn kú ni. Ó ṣì ń lọ́ wọ́rọ́. Ẹ̀jẹ̀ wà ní imú rẹ̀. Mo ní kí n bi ẹ́ kí n tó fọwọ́ kàn án."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìyẹn kà. Ó ní kí òun bi mí kí òun tó fọwọ́ kàn án. Ọkùnrin mélòó ló máa bá odindi àgbọ̀nrín nílẹ̀ nínú igbó tó máa kọ́kọ́ fi fóònù wá dókítà?

Mo figbe ta. Mo ní, "Bàbá, ẹ má gé e o! Ẹ má tà á fún ẹnikẹ́ni! Ẹ sun ún!"

"Kí n sun ún?"

"Ẹ sun ún, bàbá. Ẹ sun ún dáadáa. Báyìí-báyìí."

"Ó dáa. Ṣé kí n sun ún lódidi ni, àbí kí n kọ́kọ́..."

"Lódidi! Ẹ má bínú, bàbá, ọkọ̀ mi ti dé." Mo pa fóònù, mo sì fò wọ inú ọkọ̀.

Èdè Òyìnbó ni mo fi ronú lọ́jọ́ náà, mo wá fi Yorùbá sọ ọ́. Nínú orí mi, eérú ni mo rí. Mo rí igi gbígbẹ àti kẹrosíìnì àti iná ńlá, kí ẹran náà jóná ráúráú kó má ku eegun. Nínú orí tirẹ̀, ó rí ohun tí gbogbo ọmọ Yorùbá máa rí bí wọ́n bá ní kó sun ẹran. Ó sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí! Mo ní kó má gé e, ó gbà pé kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà ta sí òun lára ni. Mo ní kó má tà á, ó gbà pé jíjẹ ilé ni. Bí mo bá sọ pé "ẹ dáná sun ún," ì bá yé e kíá. Sílébù méjì péré ló kù. N ò ráyè sílébù méjì.

Ó gbé àgbọ̀nrín náà kọ́ ọrùn láti etí odò dé abà, bí wọ́n ṣe máa ń gbé e. Ẹ̀ka igi kòkó ti ha bàbá náà lọ́rùn ní bí ọjọ́ méjì ṣáájú. Ó dáná, ó wi irun ara rẹ̀, ó sun ún lódidi, àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó ń yí i, ó ń kó igi sí i. Ẹ̀yìn ìgbà tó jinná ló tó là á. Òun ló jẹ ìfun àti ẹ̀dọ̀, nítorí òun ni bàbá. Ìfun ò fi bẹ́ẹ̀ jinná nínú ẹran tí wọ́n bá sun lódidi. Àwọn nǹkan wọ̀nyí, ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́ ni mo tó gbọ́ wọn.

Èmi lọ sí ìpàdé mi. Mo padà dé ní Ọjọ́rú, n ò pè é. Mo rò pé mo ti yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìyá ẹlẹ́ran wọ ọ́fíìsì mi wá pẹ̀lú abọ́ onídèérí kan. Ó wọ aṣọ ìjáde rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé abọ́ náà lé orí tábìlì mi, lórí ìwé. Ó ní, "Itan rẹ̀ rèé o. Bàbá ẹ ní kí n gbé e wá. Ó ní ìwọ lo ni ín, torí ìwọ lo kọ́ òun bí òun ṣe máa sun ún."

Mo ní, "Kí lẹ sun, Ìyá?"

"Àgbọ̀nrín tó o ní kó sun ńkọ́? Ó sun ún dé eegun bó o ṣe wí. Kò jẹ́ kí n ta ìkankan nínú rẹ̀, ó ní o ní kí òun má tà á. Kí ló dé tó o fi ń wò mí báyìí?"

Mo ti àga mi sẹ́yìn. Mo bi í bóyá ó ti jẹ nínú rẹ̀. Ó ní rárá, eyín ń ro òun láti ọjọ́ Àìkú, ẹ̀kọ mímu ni òun ń mu. Mo bi í pé bàbá ńkọ́. Ó ní bàbá wà dáadáa nígbà tí òun lọ bá a lóko ní Ọjọ́rú, eéwo kékeré kan ló kàn sọ ọ́ lọ́rùn, kò sì dùn ún. Kò dùn ún! Eéwo áńtíráàsì kì í dunni. Mo ní, "Ṣé àárín rẹ̀ dúdú?"

"Ó dúdú bí èédú. Ta ló sọ fún ẹ?"

Mo dìde. Mo fi láílọ́ọ̀nù wé abọ́ náà àti ohun tó wà nínú rẹ̀, mo tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, mo ní kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, èmi náà fọ tèmi. Mo ra oògùn fún un ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì tó wà lójú títì, mo dúró tì í títí tó fi gbé e mì, mo ra ti àwọn àgbàṣe náà, mo sì gun ọ̀kadà. Ní gbogbo ọ̀nà Ajue, ohun kan ṣoṣo ni mò ń sọ: Olúwa, jẹ́ kó jẹ́ ti ọrùn nìkan. Èyí tó wà lára awọ, bí oògùn bá tètè kàn án, ó máa ń lọ. Èyí tí wọ́n bá jẹ sínú ni kì í fẹ́ lọ.

Mo bá a lábẹ́ igi kòkó kan níwájú abà, ó jókòó sórí àpótí. Ọrùn rẹ̀ ti wú dé àgbọ̀n, àpá dúdú náà sì tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dókítà Màlúù! O ti jẹ itan náà?" Lẹ́yìn náà ló yíjú, ó bì sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbàṣe náà ní láti àná ló ti ń bì, ó ní kí àwọn má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fún àwọn méjèèjì ní oògùn tiwọn. Ẹran ẹsẹ̀ ni wọ́n jẹ, wọ́n yè, wọ́n ṣì wà níbẹ̀ dòní.

A gbé e sáàárín, èmi lẹ́yìn, ọlọ́kadà níwájú. Ara rẹ̀ gbóná débi pé mo ń mọ ooru rẹ̀ láti inú aṣọ mi. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú pé òun ń da iṣẹ́ mi rú.

Mo sọ òótọ́ fún wọn ní ọsibítù. Mo ní áńtíráàsì ni, mo ní ó jẹ ẹ́. Wọ́n ò fi àkókò ṣòfò, wọ́n fi omi sí i lára, wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́ léraléra. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní bó bá jẹ́ ti ọrùn nìkan ni, òun ì bá ní kí n lọ sinmi. Ìyàwó bàbá ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi ń lọ, èmi ń bọ̀, n ò lè jókòó. N ò sọ fún obìnrin náà pé ọ̀rọ̀ mi ló fa gbogbo rẹ̀. Ó rò pé àgbọ̀nrín náà kàn burú ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, bàbá ní kí n sún mọ́ òun. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, mo ní láti tẹ orí mi ba. Ìyàwó rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì bẹ́ẹ̀dì, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé iná yẹn ò pọ̀ tó ni?"

Mo tún aṣọ ìbora rẹ̀ ṣe.

"Mo sun ún dé eegun o. Àbí ibì kan wà tí iná ò dé?"

Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ ọ́. Kò gbà ju gbólóhùn kan lọ: bàbá, iná yín pọ̀ tó, èmi ni mi ò la ọ̀rọ̀ mi yé yín. Ó wà lẹ́nu mi. Mo wo ojú ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí, ẹ̀rù ojú obìnrin yẹn ló bà mí jù. Mo ní, "Ẹ sinmi, bàbá." Ó mi orí bó ṣe máa ń mi orí bí mo bá ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ó kú lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e kí oòrùn tó wọ̀. Ó kú pẹ̀lú èrò pé òun ni òun ò mọ ẹran sun.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀gá mi ní kí n kọ ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo jókòó, mo kọ ọ́. Mo kọ pé mo gba olóògbé nímọ̀ràn pé kó dáná sun òkú ẹran náà di eérú, àmọ́ kò tẹ̀lé ìmọ̀ràn mi. Ẹ wò ó, níbẹ̀ ni mo ti wá ráyè kọ "dáná." Ó ti yé mi nígbà náà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ tí yóò fi yéni.

Ọ̀gá náà wá sí Ore láti kìlọ̀ fún àwọn ẹlẹ́ran. Wọ́n kó gbogbo wọn jọ sí ibi tí mo ti kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́sí. Ìyá wà níbẹ̀ nínú aṣọ dúdú, iwájú pátápátá ló jókòó sí, lórí àga tí ọkọ rẹ̀ jókòó sí. Ọ̀gá mú ìwé mi, ó kà á. Ó ní, "Ẹ rí ohun tí àìgbọràn máa ń fà. Wọ́n sọ fún bàbá yìí pé kó dáná sun ẹran náà. Ó kọ̀, ó jẹ ẹ́."

Ìyá dìde. Kò pariwo, òun tí ohùn rẹ̀ máa ń ròkè. Ó ní, "Ọkọ mi ò kọ̀. Wọ́n ní kó sun ún. Ó sun ún." Ó wá yíjú sí mi, ó ń dúró de ẹ̀rí mi. Ó yé mi pé kò fura sí mi rárá, ó kàn rò pé èmi, ọmọ rẹ̀, á gbè é lẹ́sẹ̀ kí orúkọ ọkọ rẹ̀ má bàjẹ́ lójú gbogbo ọjà.

Mo ní, "Ẹ jókòó, Ìyá."

Kò jókòó. Ó wò mí títí. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yé e díẹ̀díẹ̀, láti orí fóònù dé orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Lẹ́yìn náà ó so ìborùn rẹ̀ mọ́ ìdí, ó sì rìn gba ẹ̀gbẹ́ títì lọ.

Kò ta ẹran mọ́ láti ọjọ́ náà. Gàrí ló ń tà báyìí, ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó lè lọ síbẹ̀, mo sì tijú láti sọ bó ṣe pẹ́ tó. Kí n tó lọ, mo kọ ìròyìn mìíràn, mo kọ òótọ́ sínú rẹ̀, láti orí kòtò tí kò jìn títí dé orí sílébù méjì. Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ tó ti tán ni, kí n jẹ́ kó tán. Mo fi í sínú fáìlì náà síbẹ̀.

Mo bá Ìyá níwájú abọ́ gàrí rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, n ò fi nǹkan kan pamọ́. Mo sọ ti màlúù, mo sọ ti ọkọ̀ Àkúrẹ́. Mo ní, "Ìyá, kì í ṣe iná. Iná bàbá pọ̀ tó. Èmi ni mi ò sọ̀rọ̀ kó yé wọn." Ó ń fi ọwọ́ tẹ́ gàrí náà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ń ṣa ìdọ̀tí inú rẹ̀. Nígbà tí mo dákẹ́, ó gbé ojú sókè.

Ó ní, "Ṣé ẹ sọ ìyẹn fún un kó tó kú?"

Mo kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíràn wà lẹ́yìn mi. Kò sí ẹnì kankan. Èmi ló ń pè ní "ẹ."

Mo ní, "Rárá, Ìyá."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. Ó mú kóńgò rẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, mà, aṣọ yín ń dọ̀tí. Kóńgò mélòó ni kí n wọ̀n fún yín?"

Mo ní kó wọ̀n méjì. Ó wọ̀n ọ́n, ó fi èènì lé e bó ṣe máa ń ṣe fún oníbàárà, ó sì ní, "Ẹ ṣeun, mà."